Àwòrán Tó Ń Pariwo: Bí Ìkìlọ̀ Fáírọ́ọ̀sì Èké Ṣe Ń Mú Èèyàn

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan kàn sí ìwé ìròyìn Star Tribune ní ìlú Minneapolis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan ló rán àwọn níṣẹ́, pé ó fẹ́ ra àyè ìpolówó lórí ìkànnì ìwé ìròyìn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹ ìpolówó ọ̀hún wò, wọn ò rí àléébù kankan lára rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde. Ìgbà tó ti wà níta tán ni àwọn tó mú un wá yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Ni kọ̀ǹpútà àwọn tó kàn fẹ́ ka ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, ìkìlọ̀ ń yọ lọ́tùn-ún lósì pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà ní láti san dọ́là 49.95 fún antivirus kan. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó rán wọn níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó náà pàápàá kò sí.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ó kéré tán, mílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n fi jìbìtì yẹn kó jọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè Latvia ni ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n mú un ní 2011, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di 2016 kí ọwọ́ tó tún tẹ̀ ẹ́ ní Poland. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ ní Minnesota rán an lẹ́wọ̀n oṣù 33.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé gbájú-ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn ará àdúgbò ni pé, kí ló ń wá lọ́dọ̀ wọn? Wọ́n ti gbà pé ọ̀kánjúwà ló gbé e débẹ̀, pé ó fẹ́ kí owó di ìlọ́po lóru ọjọ́ kan ni. Ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì èké kì í gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹni tó ń mú kò wá èrè kankan. Wọ́n ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé fáírọ́ọ̀sì burú, pé kó má fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré, pé kó tètè wá nǹkan ṣe tó bá rí àmì rẹ̀. Ó rí àmì, ó sì tètè wá nǹkan ṣe. Ìṣọ́ra rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi mú un. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, tí wọn kì í fi ohun ìní wọn ṣeré, ló ń fara gbá a jù. Nínú àkọsílẹ̀ FBI, ìyẹn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fún ọdún 2023, owó tí àwọn èèyàn pàdánù sọ́wọ́ àwọn tó ń pe ara wọn ní atún-kọ̀ǹpútà-ṣe lé ní 900 mílíọ̀nù dọ́là, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún ni ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ti jáde.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù rẹ̀ á ti dín kù sí ìdajì. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà wò. Bí wọ́n ṣe ṣe àwọn bùráúsà bíi Chrome, Safari, Firefox àti Edge ni pé ìkànnì tí èèyàn bá ṣí kò ní lè ráyè wọ àárín àwọn fáìlì rẹ̀. Nítorí náà, bí ojú ìwé kan bá ń ka fáìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ìlà pupa ń sáré kọjá, tó ń kéde pé òun ti rí fáírọ́ọ̀sì mẹ́tàdínlógún, àwòrán tí wọ́n ti yà kalẹ̀ ni. Iye kan náà ni yóò kà fún gbogbo ẹni tó bá ṣí i. Àwọn tó ń lo Mac ló máa ń rí àṣírí yìí lọ́nà tó pani lẹ́rìn-ín jù: Windows ni àwòrán náà ń dárúkọ, tó sì ń sọ pé díráìfù C ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Báwo ni ìkìlọ̀ náà ṣe wá mọ̀ pé Samsung ni fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn, tó sì tún dárúkọ ìlú tó wà? Ìbéèrè yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ gbà pé òótọ́ ni. Kò sí ìyanu níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bùráúsà bá ṣí ìkànnì kan ló máa ń sọ irú ẹ̀rọ tó ń lo, kí ojú ìwé náà lè bá ojú fóònù mu. Àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ sì máa ń fi ilé-iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, pẹ̀lú ìlú tó ṣeé ṣe kí èèyàn wà. Kódà ó máa ń ṣì í sọ. Ẹni tó jókòó sí Ìlọrin lè rí i kà pé Èkó lòun wà. Ìkànnì ìwé ìròyìn ń rí ìsọfúnni yìí, ti bọ́ọ̀lù ń rí i. Oní gbájú-ẹ̀ nìkan ló ń fi dẹ́rù bani.

Ọjọ́ pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti wà. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Innovative Marketing, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Belize ṣùgbọ́n tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kyiv ní Ukraine, ló gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀. WinFixer, WinAntivirus, DriveCleaner, ErrorSafe, XP Antivirus: tiwọn ni gbogbo rẹ̀. Ìpolówó wọn á ṣe bí ẹni ń yẹ kọ̀ǹpútà wò, á rí àrùn tí kò sí, á sì ta oògùn rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2008, FTC, ìyẹn àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ti ra ọjà náà. Ní 2012, adájọ́ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn san 163 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó yani lẹ́nu nípa ilé-iṣẹ́ yìí ni pé ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn ìpè oníbàárà. Ẹni tó bá bínú pé ohun tí òun rà kò ṣiṣẹ́, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́pùtù bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

Kò sì sí ìkànnì tó tóbi jù fún wọn láti gbà wọlé. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2009, àwọn tó ń ka New York Times rí ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì lójijì. Ẹnì kan ló ti ra àyè ìpolówó ní orúkọ Vonage, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù; ìpolówó gidi ló kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ó wá di òpin ọ̀sẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé kìkì ìkànnì ìṣekúṣe ló ń kó irú wàhálà yìí báni kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Nígbà tó yá, tẹlifóònù gba ipò antivirus èké. Kí ló dé tí wọ́n á máa wàhálà láti ta ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ káàdì lè dá owó rẹ̀ padà, nígbà tí wọ́n lè bá olówó sọ̀rọ̀ ní tààràtà? Àwòrán yẹn wá ní nọ́ńbà fóònù kan nísàlẹ̀. Ohùn á máa jáde látinú kọ̀ǹpútà, fèrè á máa dún bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kí èèyàn má pa ẹ̀rọ náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tún máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán ìhòòhò ni ẹni náà ń wò tí fáírọ́ọ̀sì fi wọlé. Ẹni tó ronú ọ̀rọ̀ yẹn kàn burú ni. Ìtìjú kì í jẹ́ kí bàbá pe ọmọ rẹ̀ pé wá bá mi wo nǹkan, nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni yóò pè.

Microsoft ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí nọ́ńbà fóònù kankan nínú ìkìlọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn wá. Bí òǹkàwé bá fẹ́ àmì kan ṣoṣo tó lè gbára lé, òun nìyí. Antivirus gidi máa ń sọ pé òun ti mú nǹkan kan, ó sì ti tì í mọ́lé, ó parí. Kì í ní kí èèyàn pe ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá pe nọ́ńbà náà á gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ tó ń kí i dáadáa. Wọ́n á ní kó gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, AnyDesk, TeamViewer tàbí irú rẹ̀, kí àwọn lè bá a wò ó láti òkèèrè. Ètò gidi ni ìwọ̀nyí, àwọn atún-kọ̀ǹpútà-ṣe ní ọ́fíìsì ń lò wọ́n lójoojúmọ́, nítorí náà antivirus kò ní bú sí wọn. Ó kù kí wọ́n fi àrùn hàn án, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ṣí Event Viewer, ìwé tí Windows ti ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀rọ, títí kan àwọn àṣìṣe kéékèèké tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kò sí kọ̀ǹpútà Windows kan láyé tí àmì pupa àti òféèfèé kò sí nínú ìwé yẹn, kódà bí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àwọn á ní, "Ṣé ẹ rí i, màmá? Gbogbo èyí ni fáírọ́ọ̀sì." Wọ́n tún lè ka nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 888DCA60 fún un, kí wọ́n sọ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìyẹn, pé òun ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí wọn. Òun náà á wò ó lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, á rí i pé ó bára mu. Ó gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí nọ́ńbà kan náà ló wà nínú gbogbo Windows.

Nígbà tí FTC gbógun ti irú àwọn ilé-iṣẹ́ ìpè bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012, Íńdíà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, dọ́là 49 sí 450 ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn ti di owó ọmọdé báyìí. Ní 2023, FBI kìlọ̀ nípa ẹ̀tàn oníṣísẹ̀-mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kọ̀ǹpútà ti ní fáírọ́ọ̀sì, á ní kí oníkọ̀ǹpútà ṣí àkáǹtì báńkì rẹ̀ kí àwọn lè mọ̀ bóyá olè ti débẹ̀; ohun tó ń wá ni àkáǹtì tí owó pọ̀ sí jù. Ẹnì kejì á pè láti "báńkì", á ní olè láti ilẹ̀ òkèèrè ti wọ àkáǹtì náà. Ẹnì kẹta á pè láti "ọ́fíìsì ìjọba", á ní kó kó owó rẹ̀ lọ sí àkáǹtì tí olè kò lè dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, FBI tún kìlọ̀ pé wọ́n ti ń rán èèyàn lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn tí wọ́n ti dẹ́rù bà, láti gba owó àti wúrà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo rárá. Íméèlì á wọlé pé owó antivirus tí ẹ ń san lọ́dọọdún ti tó, a ó yọ nǹkan bíi dọ́là 400 lónìí, bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Ẹni tí kò ra antivirus rí á pè kíá láti fagi lé e. Wọ́n á ní kò burú, àwọn á dá owó rẹ̀ padà, kó jẹ́ kí àwọn wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n á wá yí iye tó wà lójú ìwé báńkì padà lójú rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà nìkan ṣá o, báńkì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Dọ́là 400 á di 4,000. Ẹni tó wà lórí fóònù á fi igbe ta pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀, pé wọ́n á lé òun níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá ìyókù padà, gift card ni kí ẹ rà. Àánú àti òótọ́ inú ni wọ́n fi ń jẹun níhìn-ín, èyí sì burú ju ẹ̀rù lọ.

Kò sí ẹni tí wọn ò lè mú. Ọkùnrin kan tí orúkọ tó ń lò lórí YouTube ń jẹ́ Jim Browning sọ iṣẹ́ títú wọn fó di tirẹ̀. Ó wọ inú kámẹ́rà ọ́fíìsì wọn kan nítòsí Delhi, BBC sì fi àwòrán náà hàn ayé ní 2020. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ YouTube bá Browning fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fọgbọ́n mú un tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìkànnì rẹ̀ rẹ́. YouTube bá a dá a padà. Bí ẹni tó mọ gbogbo ètekéte wọn bá lè kó sí i, ó yẹ kí àwọn ọmọ tó máa ń fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rọra ṣe é.

Ilé ìtajà gidi náà ti bá wọn jẹ nínú rẹ̀. FTC fi ẹ̀sùn kan Office Depot, tó ní ilé ìtajà káàkiri Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Support.com, pé nígbà tí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í: ṣé ó ń lọ́ra, ṣé ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń yọ, ṣé ó máa ń kú lójijì, ṣé ìpolówó ń já lù ú? Bó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan péré, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á kéde pé òun ti rí àmì fáírọ́ọ̀sì, ohun yòówù kí àyẹ̀wò rí. Ìdáhùn oníbàárà ni èsì àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tí wọ́n á wá tà fún un lè tó 300 dọ́là. Ní 2019, àwọn méjèèjì gbà láti san 35 mílíọ̀nù dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ náà.

Ní Nàìjíríà, orí fóònù Android ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdé ìkìlọ̀ yìí, pàápàá lórí àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù tàbí tí wọ́n ti ń gba orin lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí nọ́ńbà fóònù nínú tiwọn. Fóònù á gbọ̀n, ojú ìwé á gbé àwọ̀ Google wọ̀, á ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin ti ń jẹ bátìrì àti síìmù, pé kí ẹni náà gbé áàpù kan wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Aago á máa ka ìṣẹ́jú náà sẹ́yìn. Áàpù yẹn ni ọjà. Òmíràn kàn ń da ìpolówó sí ojú fóònù ni, òmíràn ń jí ìsọfúnni, òmíràn sì ń forúkọ oní-síìmù sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò béèrè tí wọ́n á fi máa gé owó ìpè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òmíràn kò ṣe nǹkan kan rárá. Ní oṣù Igbe ọdún 2014, áàpù kan tó ń jẹ́ Virus Shield gorí àtẹ Google Play, dọ́là 3.99 ni. Èèyàn tó lé ní 10,000 ló rà á. Nígbà tí ìkànnì Android Police tú u wò, gbogbo iṣẹ́ tí áàpù náà ń ṣe ni pé bí èèyàn bá tẹ àwòrán asà tó wà lójú rẹ̀, àmì ìfàgìlé orí rẹ̀ á di àmì pé ó ti dáa. Google dá owó wọn padà, ó sì fi dọ́là márùn-ún lé e fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Fáírọ́ọ̀sì tó wà lórí fóònù ní tòótọ́ kì í sábà pariwo. Nígbà tí ìwádìí fi hàn ní 2020 pé ètò burúkú tó ń jẹ́ Triada ti wà nínú àwọn fóònù Tecno W2 kan láti ilé ìtajà, ní orílẹ̀-èdè bíi Ghana, Cameroon àti Ethiopia, àwọn tó ni fóònù kò rí ìkìlọ̀ kankan. Dátà àti owó ìpè wọn ló kàn ń lọ. Ẹni tí ìkìlọ̀ ń ké mọ́ lórí, ó ṣeé ṣe kí fóònù rẹ̀ má ní àrùn kankan rárá. Ẹni tí dátà rẹ̀ ń tán láìlo nǹkan kan ló yẹ kó wò ó dáadáa.

Kí ni kí èèyàn ṣe nígbà tó bá yọ? Lórí kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀ kí etí lè sinmi. Kó má tẹ ohunkóhun nínú àwòrán náà, títí kan àmì X tí wọ́n yà sí igun rẹ̀, nítorí pé àwòrán ni X yẹn náà, ibi tó wù wọ́n ló lè gbéni lọ. Bí ojú ìwé bá ti bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kó tẹ Esc mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó má kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oní gbájú-ẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń borí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, wọn ò lè borí títẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí kò bá gbọ́, Alt pẹ̀lú F4, tàbí Ctrl, Shift àti Esc papọ̀ láti ṣí Task Manager, kó sì pa bùráúsà láti ibẹ̀. Lórí Mac, Command, Option àti Esc ni. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, kó di bọ́tìnì iná mú títí ẹ̀rọ á fi kú. Wọ́n ti ní kó má pa á, àbí? Kó pa á. Tó bá tún ṣí bùráúsà, tí ìyẹn sì béèrè bóyá kí òun dá àwọn ojú ìwé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà, kó kọ̀ ọ́.

Orí fóònù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó jáde kúrò nínú bùráúsà, kó gbá a kúrò lára àwọn áàpù tó ṣí sílẹ̀, kó sì ti ojú ìwé náà pa nígbà tó bá padà dé. Lórí iPhone, nínú Settings, abẹ́ Safari, ibì kan wà tí wọ́n ti ń pa ìtàn àti ìsọfúnni ìkànnì rẹ́. Ìgbà kan wà tí àwọn kan ń fi ìkìlọ̀ tí kò ṣeé tì pa dí Safari mọ́ àwọn oní-iPhone lọ́wọ́, tí wọ́n á ní àfi kí wọ́n fi káàdì iTunes ra ara wọn padà. Pípa ìtàn rẹ́ yìí tó láti lé wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó sanwó kò mọ̀. Apple dí ihò náà ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017.

Bí ìkìlọ̀ bá ń yọ ní igun ojú ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ní orúkọ McAfee tàbí Norton, nígbà tí bùráúsà kò tilẹ̀ sí lójú, ìyẹn tún yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti dé ìkànnì kan tó ní kó tẹ Allow kí òun lè mọ̀ pé kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Àṣẹ láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ ló fi fún wọn yẹn. Wọn ò wọ inú ẹ̀rọ, ó kàn gbà wọ́n láyè láti máa kan ilẹ̀kùn ni. Kó wọ Settings bùráúsà rẹ̀, kó wá ibi Notifications, kó yọ gbogbo ìkànnì tí kò mọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sanwó fún ẹni tó bá wọn ṣe é.

Ẹni tó bá ṣì ń kọminú lẹ́yìn gbogbo èyí, kó ṣí antivirus tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kó ṣàyẹ̀wò. Windows Security wà nínú gbogbo Windows òde òní, kò ní gba kọ́bọ̀. Play Protect wà nínú Play Store, abẹ́ àwòrán tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òun ló wá a lọ. Kì í ṣe pé ó yọ sí i. Àwọn tó ń ṣe bùráúsà pàápàá ti ń jí: láti 2025 ni Edge àti Chrome ti ń kọ́ láti dá irú ojú ìwé yìí mọ̀.

Tí wọ́n bá ti wọ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, kó pa Wi-Fi tàbí kó fa wáyà yọ. Kó mú fóònù mìíràn, kó pe báńkì rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kódù tí èèyàn lè fi ti àkáǹtì pa fúnra rẹ̀ láti orí fóònù èyíkéyìí. Ó dára kó ti wà nínú ìwé kan nílé kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Àwọn ará ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Manchester lè pe 159, yóò so wọ́n pọ̀ mọ́ báńkì wọn gan-an. Láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, òfin Bìrìtìkó ti ní kí báńkì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn jẹ tó fi fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ̀ sí òmíràn nílẹ̀ náà, ó lè tó 85,000 pọ́n-ùn. Owó gift card kò sí lábẹ́ òfin yìí, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn oní gbájú-ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn, kó pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà kíá pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Bí wọn ò bá tíì ná an, wọ́n lè tì í pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kó pààrọ̀ àwọn pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ mìíràn, íméèlì ni kó kọ́kọ́ ṣe, nítorí íméèlì ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ìyókù. Kó yọ AnyDesk tàbí ohunkóhun tí wọ́n ní kó gbé wọlé. Tí wọ́n bá pẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, ohun tó fini lọ́kàn balẹ̀ jù ni pé kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó sì tún Windows gbé sí i.

Kó fi tó ọlọ́pàá létí pẹ̀lú. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà, FTC ń gba ẹ̀sùn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n kàn ń gé owó ìpè rẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò béèrè, kó ní kí ilé-iṣẹ́ fóònù rẹ̀ dá a dúró. Bí kò bá dáwọ́ dúró, 622 ni nọ́ńbà àjọ NCC tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù. Ẹ̀sùn máa ń já sí nǹkan nígbà mìíràn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CBI ní Íńdíà ya wọ ibi 76 lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Microsoft àti Amazon.

Ó ku ìpè kan, ó sì máa ń wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ẹni tó pè á ní òun mọ̀ pé wọ́n lu oníbàárà òun ní jìbìtì, pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olè náà, pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kó kàn san owó díẹ̀ kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tí wọ́n ta orúkọ rẹ̀ fún. Nígbà tí FTC pín owó Office Depot fún àwọn tó ni ín, ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn nílé, kò sì sí ẹni tí wọ́n ní kó san kọ́bọ̀ kó tó gba tirẹ̀.